Ológbò Tí Wọ́n Wá Lé Nílé Wa

Igbe ọmọbìnrin mi tín-ín-rín, ó sì máa ń fà bí ti ọmọ ológbò tó ń wá ìyá rẹ̀. Mo rántí pé nígbà tí a gbé e dé Ìdànrè láti ilé ìwòsàn, òkè àjà ni àwọn ará ilé kọ́kọ́ máa ń wò bí ó bá ké, kí wọ́n tó wo ojú ọmọ. Èmi tí mo ń fi ìwé mẹ́wàá yangàn náà wò ó lẹ́ẹ̀kan.

Dókítà ní Àkúrẹ́ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ní àwọn okùn kéékèèké kan wà nínú ara ènìyàn tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní kírómósómù. Inú wọn ni àbùdá wa wà. Ti ọmọ mi, díẹ̀ ti já kúrò lára okùn karùn-ún. Kì í ṣe ohun tí mo jẹ, kì í ṣe ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe. Gògóńgò rẹ̀ ni kò tóbi tó. Ohùn náà yóò máa yí padà bí ó bá ń dàgbà. Oúnjẹ ni ó kìlọ̀ fún mi nípa rẹ̀ jù. Ọmọ náà kò lè fa ọmú dáadáa, a kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ebi pa á.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí ó jẹ́ ìyá ìjọ. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ìyàwó, gbogbo gírámà yìí, ṣé ó pa ológbò yẹn lẹ́nu mọ́?"

Lọ́jọ́ kejì, ó mú wòlíì wá. Wòlíì ń mi agogo yí yàrá ká, ó ní ológbò kan láti ìdílé mi ló ń gbé inú àjà. Àwọn ọkùnrin ilé gun àga, wọ́n ń fi igi gún àjà títí eruku fi bò wá. Ọmọ ń ké lẹ́yìn mi. Bí ó bá ti ké, wọn a tún gún àjà. Bí mo bá yí sí ọ̀tún, wọn a gbé àga tẹ̀lé mi.

"Ẹ dákẹ́, ó wà níbí!" ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yìn mi ló wà."

"Ẹ ò gbọ́ bí? Ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́!"

Wòlíì wá ní kí n fi ọmọ sílẹ̀ ní ilé àdúrà fún ọjọ́ mẹ́ta, láìjẹ, láìmu. Àwọn àgbà ní ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Mo tún ọ̀já mi dì le. Mo ní kí wòlíì kọ́kọ́ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta náà lójú mi. Ó wo abọ́ iyán tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti bò dè é, ó ní Ẹ̀mí kò rán òun ní ìyẹn. Mo gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìyá mi ní Atosin. Ọkọ mi ló wá bẹ̀ mí kí n tó padà.

Ọmọ ti pé ọdún méje báyìí. Ohùn rẹ̀ ti ń wálẹ̀, bí dókítà ṣe wí. Ìyá ìjọ ti jẹ́rìí nínú ìsìn pé wòlíì òun ti lé ológbò lọ. Ìjọ pàtẹ́wọ́, ariwo náà mú kí ọmọ mi di etí méjèèjì, mo sì gbé e jáde. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó béèrè bí ó ṣe ń jẹun.

Lánàá, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ṣíbí ògì dé ẹnu, kò dà á sílẹ̀. Èmi àti bàbá rẹ̀ wo ara wa, a ò pariwo. N kò sọ fún ẹnì kankan nílé ọkọ mi. Wòlíì ni wọn yóò lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.