Epo Tí Màmá Mi Jó Títí Ó Fi Funfun

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn epo pupa tó ń jó lórí iná, ojúlé wa ní Mafoluku ni ọkàn mi máa ń padà sí. Yàrá kan ṣoṣo la háyà, ẹ̀yìnkùlé la ti ń dáná, bàálù á sì máa kù kọjá lórí wa. Owó epo rọ̀bì ti ń wọ̀lú nígbà náà, bàbá mi sì ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú. Kò sẹ́ni tí kò fẹ́ jẹun bí ọlọ́lá. Búrẹ́dì àti tíì oníṣúgà láàárọ̀, ìrẹsì funfun lálẹ́. Ẹ̀fọ́ kẹ̀? Ta ló ń jẹ ewé nígboro!

Ìyá màmá mi máa ń fi kẹ́ẹ̀gì epo ránṣẹ́ sí wa láti Ìkirun, epo tó pupa yòò. Ṣùgbọ́n àbàwọ́n rẹ̀ lára aṣọ wa ń ti màmá mi lójú níwájú àwọn ayálégbé. "Wọ́n á ní ará oko ni wá," ló máa ń wí. Á gbé epo náà kaná, á fi ọmọrí dé e, á jẹ́ kó jó títí pupa rẹ̀ á fi lọ tán, tí yóò mọ́ gaara bí òróró inú ìgò. Gbogbo ilé á máa wúkọ́. Má pè é ní agbéraga o, ọ̀rẹ́ mi. Nítorí àwa ọmọ ló ṣe ń ṣe é.

Àbúrò mi obìnrin kò tíì tó ilé ìwé í lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú báyìí, á máa kọlu garawa, á máa tẹ èèyàn lẹ́sẹ̀. Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín: "Ọ̀lẹ! Ó fẹ́ ká pọn òun ni." Àṣé ọmọ ò ríran lálẹ́ ni. Kò pẹ́ sí i ni èèyí bo gbogbo ara rẹ̀. Èèyí lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ó lajú, nǹkan funfun ti bo ẹyinjú méjèèjì.

Ní ilé ìwòsàn kan n'Ísọlọ̀, nọ́ọ̀sì bèèrè ohun tí ọmọ náà ń jẹ. Màmá mi ka ìrẹsì, ó ka búrẹ́dì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yangàn.

"Ẹ̀fọ́ àti epo pupa ńkọ́?"

"A máa ń jó epo tiwa kó funfun ni."

Nọ́ọ̀sì náà mí kanlẹ̀. "Màmá, inú pupa yẹn gan-an ni ohun tó ń bọ́ ojú wà. Ẹ ti jó o dànù."

Màmá mi ò sunkún níbẹ̀. Ìgbà tí a dé ọ̀nà ọjà Aswani ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì aláṣọ kan, tó ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Ojú ọmọ mi ni mo ń dáná sun lẹ́yìnkùlé!" Aláṣọ náà ń bẹ̀ ẹ́, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Kò jó epo mọ́ láyé. Àbúrò mi dàgbà, ojú náà ò là, dókítà sì ti sọ pé ẹ̀pa ò bóró mọ́. Síbẹ̀, títí màmá mi fi darúgbó, bó bá bu iṣu fún un, epo tútù ló máa ń dà lé e, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kún àwo. Ẹni tó bá sọ pé ìfẹ́ kì í pani lára kò tíì jẹun nílé wa rí. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ló kọ́ mi ní èyí tó kù. Kì í sọ pé epo ti pọ̀ jù. Á rọra fọwọ́ wá etí àwo, á bèèrè:

"Ṣé ó pupa dáadáa, Màmá?"

"Ó pupa, ọmọ mi."

Á sì jẹ ẹ́ tán pátá.