Ẹ̀rọ Tí Ọkọ Mi Ń Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Níwájú ọkọ mi, "ẹ" ni mo máa ń pè é, bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà nílé wa ní Èkìtì nìyẹn. Nínú ohun tí mò ń kọ yìí, "ó" ni màá pè é, torí inú ṣì ń bí mi. Ẹni tí kò bá dùn mọ́ nínú, kó wá bá mi nílé ní Ìdímù.

Olùkọ́ òfin ni ọkọ mi. Àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ́, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ nírọ̀lẹ́. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ èèyàn lófin, ìdájọ́ kan ṣoṣo sì lè nípọn tó ìwé orin ìjọ wa, kí adájọ́ máa yí ọ̀rọ̀ kan po títí. Nígbà tí ojú ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí dókítà ní kó yé fi ìwé kíkà dààmú ojú, èmi tí mo jẹ́ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo di ojú fún un. Nírọ̀lẹ́ Sátidé, tá a bá ti jẹun tán, á sùn gbalaja sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú rẹ̀ ní fàráńdà, èmi á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá máa kà. Tí mo bá parí, ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń bi mí: "Kí ni wọ́n ń jà lé lórí? Kí ni adájọ́ wí? Kí ló dé tó fi wí bẹ́ẹ̀?" Màá rò ó fún un ní Yorùbá, òun á lọ sọ ọ́ di òyìnbó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Mi ò mọ òfin o. Kì í ṣe torí òfin ni mo ṣe ń jókòó. Àwọn ọjọ́ yòókù, bí kì í bá ṣe ti iṣẹ́, á jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ìpàdé àwọn onílé àdúgbò. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé nìkan ni mo ní lọ́dọ̀ ọkọ mi. A máa ń fa ẹjọ́ náà láàárín ara wa bí ẹni pé àwọn ará ìsàlẹ̀ ilé wa ló pera wọn lẹ́jọ́. Ọ̀kan wà tí mi ò lè gbàgbé: opó kan tí aládùúgbò rẹ̀ mọ odi dí ọ̀nà tó ń gbà lọ síbi kànga. Ẹjọ́ yẹn dé kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, obìnrin náà sì kú kí wọ́n tó dá a láre. Nígbà tí mo kà á débẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Ọkọ mi ní, "Adájọ́ ò sunkún, ìwọ wá ń sunkún. Kà á lọ jàre." Ṣùgbọ́n mo rí i tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú tirẹ̀ náà.

Ọmọbìnrin wa tó ń gbé Ìgàndò ló gbé orogún wọlé fún mi. Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi wẹ̀! Ó wá kí wa, ó gba fóònù bàbá rẹ̀, ó fi AI síbẹ̀, ẹ̀rọ tí èèyàn ń bá sọ̀rọ̀ tí òun náà sì ń fèsì. Ó ní, "Dádì, ẹ kàn gbé ìdájọ́ yẹn fún un, á ti ṣa kókó rẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ tó mu omi tán." Lóòótọ́ ni. Ìdájọ́ tí mo máa ń kà títí ẹnu mi á fi gbẹ, ojú-ìwé kan ló sọ ọ́ dà. Kò tiẹ̀ tún parí síbẹ̀, ó ń kà á sókè fún un. Ohùn obìnrin ni. Ohùn náà dùn, kì í há, kì í wúkọ́, kì í sọ pé "ẹ jẹ́ n lọ wo ọbẹ̀ lórí iná."

Mo jowú.

Mo gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń parọ́ nígbà míì, pé ó máa ń hùmọ̀ ẹjọ́ tẹ́nikẹ́ni ò rò rí. Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó! Mo lọ wá ìdájọ́ opó yẹn jáde, mo fi wé ohun tí ẹ̀rọ kọ nípa rẹ̀ nígbà tí ọkọ mi gbé e fún un, mò ń wá ibi tó ti máa ṣìnà. Mi ò rí nǹkan kan. Ohun tí wọ́n jà lé lórí wà níbẹ̀, ohun tí adájọ́ wí wà níbẹ̀, ìdí tó fi wí bẹ́ẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó tiẹ̀ sọ pé olùpẹ̀jọ́ kú kí ẹjọ́ tó parí. Ìlà kan péré ló fi sọ ọ́, ó sì kọjá lọ.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dé góńgó, mò ń já ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọkọ mi ní fàráńdà. Mo rò pé àlejò dé ni. Òyìnbó ló ń sọ, ohùn rẹ̀ rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó ní "plíìsì", ó ní kó bá òun ṣa kókó ẹjọ́ kan. Ẹ̀rọ fọhùn títí ó fi parí. Ọkọ mi wá ní, "Táńkíù. Táńkíù fẹ́rì mọ́ọ̀ṣì." Mo na ọrùn wò ó. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, òun àti fóònù ni.

Ẹ gbà mí o! Plíìsì! Ọkùnrin tó jẹ́ pé "gbé e wá", "kà á lọ", "padà sẹ́yìn, tún un kà" ni mò ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀! Mi ò lè rántí ọjọ́ kan tó ní "o ṣeun" fún mi lórí ìwé kíkà. Àwọn àgbà ní ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo ti fi í sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo ní ìwà rẹ̀ ni, kò mọ ọpẹ́ dá. Àṣé ó mọ̀ ọ́n dá. Àṣé ọpẹ́ wà nílé rẹpẹtẹ, èmi ni wọn ò fún.

Mo gbé abọ́ ẹ̀fọ́ sílẹ̀, mo jáde sí i. "Dádì, ta lẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Fóònù ni."

"Fóònù! Ṣé fóònù mọ̀ pé wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ òun ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ obìnrin yìí, àbí ò ń bá fóònù jowú ni?"

"Mò ń jowú, bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà wo lẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ tèmi rí?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó kọjú sí ibi tí ohùn mi ti ń wá. Ó ní, "Àlejò nìyẹn. Àlejò lèèyàn ń ṣe plíìsì àti táńkíù fún. Ìwọ ńkọ́? Ta ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́ ara rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, kí n má parọ́. Àwọn tó ń kọ́ni lófin ṣá, ẹnu wọn kì í kú. Ṣùgbọ́n mi ò gbà. Mo ní, "Ọwọ́ náà, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n sì ń fi ìpara pa á. Ọwọ́ tí ẹ ò wá lò mọ́ ńkọ́, kí là ń pe ìyẹn?" Mo wọlé lọ bá ẹ̀fọ́ mi. A ò sọ ọ́ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, màá lọ ra búrẹ́dì tí a ò nílò ní Akówonjo, kí n má bàa gbọ́ ohùn obìnrin yẹn ní fàráńdà mi. Àpótí mi wà níbẹ̀ ṣá. Ife tíì rẹ̀ ló ń gbé lé e.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan báyìí ló pè mí. "Mọ́mì, wá bá mi kàwé."

Mo ti dàgbà o, ṣùgbọ́n mo sáré. Mo wá awò ojú mi, mo tún ìró mi ró, mo pa iná ọbẹ̀. Mo gbé ife tíì kúrò lórí àpótí, mo gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó. Ó na ìwé sí mi. Kókó ẹjọ́ tí ẹ̀rọ ṣà ni, ó ti lọ tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ bó ṣe máa dún lẹ́nu olùkọ́ níwájú kíláàsì. Ojú-ìwé kan ni. Mo yí i wò, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun.

Mo kà á. Mo rọra kà á, mò ń dánu dúró níbi tí kò sí àmì kankan, kó lè pẹ́. Síbẹ̀ ó tán, tíì ilẹ̀ yẹn ṣì ń rú èéfín. Mò ń retí ìbéèrè mẹ́ta mi. Ẹ̀rọ ti kọ ìdáhùn gbogbo wọn sínú ìwé náà.

"Ó tán?"

"Ó tán, sà."

Ọkọ mi dìde jókòó dáadáa. Mo rí i pé ó ti ń múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ tipẹ́, bí ọmọ tó fẹ́ ka àkọ́sórí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Inú rere ló fi sọ ọ́, mo mọ̀. Ó rò pé ohun tí mo bèèrè lòun ń fún mi.

Ó ní, "Ẹ ṣé o, mà. Ẹ ṣé gan-an ni."

"Ẹ". Ọkọ mi pè mí ní "ẹ".

Mo ká ìwé náà, mo dìde, mo gbé ife tíì rẹ̀ padà sórí àpótí.

Mo ní, "Kò tọ́pẹ́."