Ẹ̀ṣẹ̀ Mi Ni Pé Mo Padà Wálé

Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìpájà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, torí mo fẹ́ fojú ara mi rí ayé kí n tó darúgbó. N kò wá iṣẹ́ lọ. Mo kàn fẹ́ lọ wò ó, kí n sì padà.

Kí n tó lọ, mo sọ fún ìyá mi, opó tó kó láti Èkìtì wá sí Ayọ̀bọ̀, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni. Ó ní òun gbọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó mú mi lọ sí ìjọ rẹ̀, àwọn aláṣọ funfun yí mi ká pẹ̀lú àbẹ́là, wọ́n ní ìlú òkèèrè yóò gbà mí, n kò ní rántí ilé. Gbogbo wọn ń ṣe àmín, èmi náà ń ṣe é bí òmùgọ̀.

Mo di gààrí àti ẹ̀pà sínú báàgì, mo wọkọ̀ lọ sí Kútọnù, mo gba Lómè àti Gánà dé Àbíjàn. Gáréèjì ni mò ń sùn. Ní Lómè, obìnrin oníbúrẹ́dì kan yá mi ní ẹní, kò sì gbọ́ èdè mi. N kò láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ilé làbọ̀ sinmi oko, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Wọn ò dé Ayọ̀bọ̀. Ìyá mi wo èmi àti báàgì mi láti òkè délẹ̀.

“Wọ́n dá ẹ padà, àbí?”

“Rárá, mà. Ìsinmi ló parí.”

“Ta ló rí ẹ níta?”

Ó fa kọ́tìnnì. Kò bi mí bóyá mo ti jẹun.

Nínú gbogbo àwòrán tí mo fi hàn án, ẹyọ kan ló mú, èyí tí mo dúró létí òkun Àbíjàn pẹ̀lú awò dúdú lójú. Kí n tó mu omi tán, ó ti wà lórí wáásáàpù àwọn ìyá ìjọ: ọmọ òun ti gúnlẹ̀ sókè òkun, ẹ bá òun dúpẹ́. Ó ní kí n má dé ìjọ mọ́, kí n má dójú ti òun. Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi di òní.

Látìgbà náà, tí mo bá lọ kí i, tí mo sì gbọ́ ohùn àlejò, yàrá ni mò ń sá sí.

Lóṣù tó kọjá, ibà dá a dùbúlẹ̀. Mo ń fi aṣọ tí mo rẹ sínú ike omi tútù nù ún lẹ́sẹ̀ nígbà tí ìyá ìjọ tuntun kan, tí kò mọ̀ mí rí, wọlé nínú sùtánà. Wọn kì í wọ bàtà sí aṣọ yẹn, n kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ débi tí n ó fi ráyè sá. Ó yìn mí pé mo ń tọ́jú àgbà, ó wá bi ìyá mi ta ni mo jẹ́ sí i.

Ìyá mi ò wojú mi.

“Ọmọ àbúrò mi ni, tíṣà ni. Tèmi wà lókè òkun.”

“Ọlọ́run á mú un bọ̀ wá bá yín láyọ̀, mà.”

Ìyá mi ṣe àmín. Mo fún aṣọ náà sínú ike, mo bọ́ sí ẹsẹ̀ kejì.