Wàrà Tí Velappan Kọ̀ Fún Ọgbọ̀n Ọdún

Bí irọ́ ẹyọ kan bá wà nínú ìtàn yìí, kí ẹnu tí mo fi ń sọ ọ́ má tọ́ ẹja wò mọ́ láyé. Èmi tí n kò jókòó nílé ẹ̀kọ́ rí, tí àwọn olùkọ́ sì ń wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi, èmi ni mo ní òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Apẹja ni Velappan, ní ìlú èbúté Kodungallur. Kò sí ọ̀sán tí kì í fi ẹja jẹ ìrẹsì. Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ogójì ọdún, awọ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí èèpo igi, ó ń yún un débi pé àjẹ̀ ọkọ̀ ló fi ń họ ẹ̀yìn. Ó gba ilé oníṣègùn Kesavan lọ. Kesavan fún un ní àgbo àti òróró, ó ní ẹja àti wàrà kì í bára gbé nínú ikùn kan, àwọn méjèèjì ló ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Níwọ̀n bí apẹja kò ti lè fi ẹja sílẹ̀, kó fi wàrà sílẹ̀.

Ara náà jinná, ó ń dán. Láti ọjọ́ yẹn, Velappan kò fẹnu kan wàrà mọ́, ì báà ṣe èyí tí wọ́n ń bù sí tíì. Ẹni tó bá yin ara rẹ̀, ilé Kesavan ló ń júwe fún un. Ẹja tó bá dára jù nínú àwọ̀n rẹ̀, Kesavan ló ni ín.

Lọ́jọ́ tó pé ọgọ́ta ọdún, Chirutha ìyàwó rẹ̀ fi wàrà se pàyásàm, ìrẹsì dídùn ọjọ́ ayọ̀. Wákàtí mẹ́ta ló fi rò ó. Òdìkejì odò ni mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́ sọ́dọ̀ mi. Velappan fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti abọ́ náà.

"Chirutha, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Obìnrin náà gbé abọ́ rẹ̀ padà. Kò sì se pàyásàm mọ́ títí ó fi kú lọ́dún kejì.

Ọdún mẹ́jọ kọjá. Nínú oṣù òjò tí àwọn aláìsàn máa ń kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ Kesavan, Velappan gbé ẹja lọ bí ìṣe rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí awọ rẹ̀ ń bó ló jókòó síwájú oníṣègùn.

Kesavan ń sọ fún un pé: "Fi wàrà sílẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógójì. Lẹ́yìn náà, máa mu ún láàárọ̀, kí o jẹ ẹja lọ́sàn-án. Ṣáà má jẹ́ kí wọ́n pàdé nínú oúnjẹ kan náà."

Velappan rọra gbé agbọ̀n sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, tèmi ńkọ́? Ọjọ́ mélòó ni tèmi?"

Kesavan rẹ́rìn-ín. "Bákan náà ni. Ìwọ ni o kò béèrè."

"Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń rí mi."

"Kí ló wá ṣe ọ́? Ìdajì àwọn tó jókòó síbí, ara rẹ ni wọ́n rí kí wọ́n tó wá. Ta ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ wó pátákó ìpolówó rẹ̀?"

"Chirutha gbé ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i wọ sàréè."

Velappan gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀, ó bọ́ sínú òjò. Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà ilé Kesavan ló máa ń jókòó sí, tó ń sọ fún gbogbo aláìsàn pé kí wọ́n béèrè ọjọ́ tí èèwọ̀ wọn máa parí kí wọ́n tó padà sílé.

Lọ́jọ́ ìrántí Chirutha, kò sí ẹja nínú ilé. Sarojini ọmọ wọn se pàyásàm. Bàbá rẹ̀ mu ún tán, Sarojini sì bi í bóyá ó dùn.

"Ó dùn," ni bàbá wí. "Ṣùgbọ́n ti ìyá rẹ ló yẹ kí n mu."

Sarojini ń bẹ láàyè ní Kodungallur, ilé kẹta sí èbúté. Ẹ lọ bi í.