Ètò Ìpè Tí Bàbá Mi Yàn

Àbúrò mi ọkùnrin ló fi kọ̀ǹpútà àgbélétan náà ránṣẹ́ sí wa láti òkè òkun, nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, Màmá sì ti lọ bá wọn tọ́jú ọmọ. Àbúrò mi rò ó pé ó yẹ kí Bàbá lè máa kọ ímeèlì sí Màmá láti pálọ̀ wa ní Ajíbọ̀dé. Ìrònú náà dára. Àbúrò mi ni kì í ṣe nǹkan bí ẹlòmíràn ṣe ń ṣe é. Linux, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló fi sínú ẹ̀rọ náà. Ó ní ọ̀fẹ́ ni, ó sì dára ju èyí tí gbogbo ayé ń lò lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ náà tó lè gba orí wáyà tẹlifóònù wọ Íńtánẹ́ẹ̀tì, ojú dúdú kan ni yóò kọ́kọ́ yọ sí ọ, wàá wá máa tẹ àṣẹ gbọọrọ sí i. Bí lẹ́tà kan bá yẹ̀, o ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Èmi lè ṣe é, nítorí mo kọ́ díẹ̀ nípa kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Àmọ́ ìlú Ìrókò ni mo ti ń ṣe tíṣà nígbà náà. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo ń dé. Bàbá nìkan ló kù nílé, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà àwọn yàrá ẹ̀yìn, àwọn tí Bàbá ò jẹ́ gbà kí wọ́n fọwọ́ kan tẹlifóònù àwọn láéláé.

Akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìntì ni Bàbá, wọ́n sì jẹ́ alàgbà ní ìjọ Aládùúrà. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ Màmá, tí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ ìsọjí, wọn kì í sùn síta. Wọn ò sọ pé àárò Màmá ń sọ àwọn o. Ọbẹ̀ ni wọ́n ń bú. Ọbẹ̀ tèmi, ọbẹ̀ aládùúgbò, èyí tí àwọn ìyá ìjọ gbé wá, kò sí èyí tí iyọ̀ rẹ̀ tó. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti iyọ̀.

Nítorí náà, mo ní láti wá ètò ìpè olójú àwòrán, èyí tí Bàbá á kàn tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ tí á sì bá wọn pe Íńtánẹ́ẹ̀tì. Méjì ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Àkọ́kọ́ jẹ́ aláròyé. Gbogbo ohun tó bá ń ṣe ló ń kọ sójú: mo ń pè, wọ́n ti gbé e, mo ti wọlé. Bí ìlà bá já, á kọ ìyẹn náà. Ìkejì kì í sọ̀rọ̀ ní tiẹ̀. Àwòrán kọ̀ǹpútà kékeré méjì ni, tí o bá ti tẹ bọ́tìnnì, okùn àwọ̀ ewé kan á so wọ́n pọ̀. Ó rẹwà lójú gan-an.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, lẹ́yìn àdúrà, mo pe Bàbá jókòó síwájú rẹ̀. Aṣọ funfun ìjọ ṣì wà lọ́rùn wọn. Aláròyé ni mo kọ́kọ́ tẹ̀. Ó pè, ó han gooro, ìlà sì já. Ló bá kọ ọ́ sójú lédè Gẹ̀ẹ́sì pé daemon ti kú lójijì.

Bàbá tún awò ojú wọn ṣe. "Kí ló kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Ó ní ìlà ti já ni, sà."

"Mo mọ̀wé kà. Dímọ̀n ló kọ. Ẹ̀mí èṣù! Ó ní ó kú."

"Ẹ ṣe àmín nígbà náà, Bàbá. Ṣebí ó ti kú."

"Kó tó kú ńkọ́? Ibo ló ń gbé? Ṣé pálọ̀ mi níbí náà ni?"

Mo ṣàlàyé títí. Mo ní bí wọ́n ṣe ń pe ìránṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà nìyẹn, ìránṣẹ́ tí a kò lè fojú rí. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Àwọn ìránṣẹ́ tí a kò lè fojú rí ni Bàbá ti ń lé jáde lára ènìyàn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo yára gbé kọ̀ǹpútà kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó wọ́n omi àdúrà sí i lórí.

Wọ́n ní ìkejì ni àwọn fẹ́. Mo ní, "Bàbá, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tí eléyìí bá já, kò ní sọ fún yín."

"Adákẹ́jẹ́ẹ́ sàn ju ẹni tó ń pe ẹ̀mí èṣù nínú ilé lọ."

Ó parí. Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ ẹ́, mo sì lọ síbi iṣẹ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì kejì tí mo dé, mo bá Bàbá lórí àga wọn, àwo ẹ̀wà níwájú wọn, wọn ò fọwọ́ kàn án. 

"Ìyá rẹ ti gbàgbé mi," ni wọ́n wí. "Ojoojúmọ́ ni mò ń kọ̀wé sí i, kò dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Ó ti rí ìlú òyìnbó. Kí ló tún fẹ́ fi mí ṣe?"

Ojú wọn ti pọ́n. Mi ò rí Bàbá báyẹn rí, ẹ̀rù sì bà mí. Inú tún bí mi sí Màmá. Kí ló lè gbà wọ́n lákòókò tó báyìí?

Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Okùn àwọ̀ ewé náà ń tàn láàárín àwọn kọ̀ǹpútà méjèèjì. Mo fa wáyà tẹlifóònù yọ kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ, síbẹ̀ okùn náà ò kú. Òpùrọ́! Gbogbo ohun tí Bàbá kọ ló ṣì jókòó sínú ẹ̀rọ, kò sí ọ̀kan tó jáde.

Mo fi han Bàbá. Wọ́n wò ó. "Àṣé mi ò tíì bá a sọ̀rọ̀ rárá," ni wọ́n wí. Wọ́n wá fọwọ́ júwe ẹ̀rọ náà. "Pe àkọ́kọ́ yẹn." Wọn ò dárúkọ rẹ̀.

Mo dá wáyà padà, mo tẹ aláròyé. Ó wọlé, àwọn ímeèlì sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ìlà tún já, daemon tún kú. Bàbá dìde. Mo ti ń fojú wá ibi tí ìgò omi àdúrà wà, àfi bí wọ́n ṣe gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà náà lórí.

"Kì yóò kú, yíyè ni yóò yè! Yóò sì jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán an!"

Mo ṣe àmín. Mo tún un tẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni èsì dé. Màmá ló sọ ọ́, àbúrò mi ló tẹ̀ ẹ́. "Bàbá wọn, mo rò pé ẹ ń bínú sí mi ni. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi mọ́. Ọmọ ò tíì máa mu ọmú dáadáa, ara ìyá rẹ̀ ò sì tíì le. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti ní kí n máa bọ̀, lọ́sẹ̀ yìí ni mò ń bọ̀."

Bàbá kà á, wọ́n tún un kà. Wọ́n wá fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, wọ́n sì ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. "Má tíì wá. Dúró ti ọmọ náà. Mò ń jẹun, mò ń sùn. Ara mi le."

Wọ́n dúró títí ẹ̀rọ fi kọ ọ́ pé ó ti lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ awò ojú wọn.

"Irọ́ ni mo pa fún ìyá rẹ," ni wọ́n wí. "Ó fẹ́ wá, èmi ni mo ní kó má wá."

Mo di ọwọ́ wọn mú, wọn ò sì gbà á padà.