Orí Kan Tó Kù Nínú Ìwé Akọ̀wé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọkùnrin ṣe ń ṣọ̀fọ̀, kó wá wo Akọ̀wé lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ̀ tí kò tàn. Ọdún mẹ́ta gbáko ni akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì yìí fi ń kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ sínú rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ yọjú wò ó. Ní báyìí, ó káwọ́ lérí, ó ní ọpọlọ ẹ̀rọ ti kú, ìwé òun ti bá a lọ.

"Bàbá, bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Ìwọ onídìrí, kí lo mọ̀ nípa ẹ̀rọ?"

Ogún ọdún ni onídìrí yìí ti ń tú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú irun gbẹ, tó sì ń tò ó padà, kò sẹ́ni tó pè é ní onímọ̀. Ó ki ọ̀kan nínú wọn bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kọ̀ǹpútà ń lò, ó ń fẹ́ fùù. Iná wà. Ó pààrọ̀ okùn iná, kọ̀ǹpútà ò mí. Ló bá pe àbúrò rẹ̀ tó ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ ọ́ lára iná ná, kẹ́ ẹ tú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Àpótí irin tí okùn iná ń wọ̀, òun ló ń pín iná fún ìyókù. Ẹ yọ gbogbo wáyà ẹ̀ kúrò lára wọn. Níbi ẹnu wáyà tó tóbi jù, ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ so ojú ihò wáyà aláwọ̀ ewé mọ́ ti dúdú kan, kẹ́ ẹ wá dá iná padà. Tí fáànù àpótí yẹn ò bá yí, òun ló kú."

Ó fa píìnì yọ nínú irun ara rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì kì í bọ ojú ihò méjèèjì. Ó tan iná. Fáànù ò mì rárá.

"Ṣé mi ò sọ?" Akọ̀wé ké láti ẹnu ọ̀nà.

"Ikùn ló bàjẹ́, ẹ sì ti ń sìnkú orí."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Akọ̀wé lọ gba ìbánikẹ́dùn lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, onídìrí ra àpótí mìíràn, ó dè é mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà tàn. Ó ṣí ìwé náà, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó pé ni. Irọ́ ni. Ibi tí wọ́n ti dárúkọ òun ló ń wá.

Kẹ̀kẹ́ tí Akọ̀wé kọ́kọ́ rà gba orí kan. Ọ̀gá tó fi ìsinmi dù ú gba ojú ìwé mọ́kànlá. Lójú ìwé kẹrìndínláàádọ́fà ló tó kà pé: "Ọdún yẹn náà ni mo gbéyàwó, mo sì ra àga tuntun." Àga ló gba ìyókù ojú ìwé náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn ún wọra.

Ó pa ẹ̀rọ, ó yọ ẹnu wáyà ńlá yẹn, ó sì dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ padà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé, ó ní, "Ìwé yín pé. Ẹ̀rọ ti gbádùn."

Akọ̀wé sáré tẹ ẹ́. "Kò tàn!"

"Á tàn. Orí kan ló kù." Ó gbé báírò àti ìwé òfìfo síwájú rẹ̀. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ tẹ́ ẹ rí mi. Tó bá ti dùn mọ́ mi, iná á dé."

Ojú ti Akọ̀wé. Ó wo báírò, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Ṣé kí n kọ ọ́ pé ìwọ lo kọ́kọ́ kí mi?"

"Ẹ kọ ọ́. Ẹ sì fi kún un pé ẹ̀rù bà yín, ẹ ò lè dáhùn."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó tẹrí ba, ó sì kọ ọ́.