Ọkùnrin Inú Awọ Kangarúù

Ẹ bi àwọn àgbàlagbà Melbourne léèrè pé ta ló dùn-ún wò jù nínú eré Kérésì Tíátà Pavonia láyé ìgbà tí ogun Jámánì ò tíì dé. Wọn ò ní dárúkọ olórin kankan fún yín. Kangarúù ni wọn yóò wí. Ẹ tún wá bi wọ́n pé ta ló wà nínú kangarúù ọ̀hún, kí ẹ wo bí wọn yóò ṣe máa wo ara wọn lójú.

Horace Tuckwell ni. Èmi Hester Garrity ni mò ń bójú tó aṣọ àwọn eléré ní Pavonia nígbà náà. Èmi ni mò ń rán awọ yẹn mọ́ ọn lára, èmi náà ni mò ń tú u, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè yí ọ̀rọ̀ yìí mọ́ mi lọ́wọ́.

Collingwood, àdúgbò kan ní Melbourne, ni wọ́n ti bí i, níbi tí òórùn awọ àti òórùn bíà ti ń jọ rìn lójú títì. Enoch Tuckwell, bàbá rẹ̀, oníbàtà ni, ọkùnrin líle, tí kì í fi ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣeré, tó sì gbà pé ibi tí ẹ̀rín bá ti pọ̀, Èṣù ti gbé àga síbẹ̀. Ohun tó fẹ́ ni pé kí Horace àti Cyril àbúrò rẹ̀ jókòó ti òun kí wọ́n kọ́ṣẹ́ bàtà. Àwọn ọmọ kò jókòó. Òkìtì ni wọ́n ń ta létí odò Yarra, títí àwọn èèyàn fi ń dúró wò wọ́n, títí tíátà fi gbọ́ nípa wọn. Kí irùngbọ̀n tó yọ lágbọ̀n wọn, wọ́n ti ń ta òkìtì lórí ìtàgé, bí obìnrin kan bá kọrin tán, kí onídán tó bọ́ síta. Cyril ni ó máa ń dúró nílẹ̀, Horace ni ó máa ń fò kúrò lórí èjìká rẹ̀, tí yóò yí po lófuurufú, tí Cyril yóò sì hán an.

Lọ́jọ́ kan, Cyril mutí wá síbi iṣẹ́. Kò hán an. Orí ìlà iná gáàsì tó wà létí ìtàgé ni Horace já lé, iná sì jó gbogbo apá òsì ojú rẹ̀ kó tó di pé wọ́n fà á kúrò. Nígbà tó fi máa jáde nílé ìwòsàn, Cyril ti bá àwọn eléré kan lọ sí Amẹ́ríkà. Kò dágbére. Títí di òní olónìí, a ò gbúròó rẹ̀.

Bàbá wọn lọ bá a, ó ní: "Ọlọ́run ti fọwọ́ kàn ẹ́ lójú. Ó yá, padà sídìí bàtà." Horace kò padà. Ọ̀dọ̀ wa ló wá.

Máníjà wa, Leopold Gascoyne, jẹ́ ọkùnrin tó máa ń fi ẹ̀rín sọ ọ̀rọ̀ tó ń pani. Mo wà níbẹ̀ tí mò ń lọ aṣọ nígbà tó ń bá Horace sọ̀rọ̀.

"Horace, ọmọ mi, ẹ̀rín làwọn èèyàn ń bá wá síbí. Tí wọ́n bá rí ojú ẹ yìí, ṣé ẹ̀rín náà ni wọ́n máa rín?"

"Ọ̀gá, ẹsẹ̀ mi ò jóná. Ẹ̀yìn mi ò jóná."

Gascoyne wò ó láti ẹsẹ̀ dé èjìká, kò wo ojú. "Awọ kangarúù kan wà nílẹ̀. Ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ́dún tó kọjá dákú sínú ẹ̀. Ṣé o lè wọ̀ ọ́?"

"Màá wọ̀ ọ́, sà."

Awọ ehoro ni wọ́n tò pọ̀ sórí aṣọ tó nípọn, tó fi di kangarúù. Kérésì tiwa sì rèé, àárín ooru ló ń bọ́ sí, nígbà tí atẹ́gùn gbígbóná láti aṣálẹ̀ bá ń fẹ́ tí ewé ń gbẹ lórí igi. Bọ́tìnì ò lè gba òkìtì rẹ̀, abẹ́rẹ́ ni mo fi ń rán ẹ̀yìn rẹ̀ pa látọrùn dé ìrù. Bí mo bá tú u lẹ́yìn eré, omi ni yóò máa ṣàn lára rẹ̀ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi. Kò ráhùn rí. Ó sọ fún mi nígbà kan pé ibẹ̀ nìkan lòun ti ń sinmi, torí pé kò sẹ́ni tó ń gbójú kúrò lára òun níbẹ̀.

Kò wọ awọ yẹn bí ẹni wọ àpò. Ó ń lọ sí ọgbà ẹranko ní Royal Park, ó ń jókòó ti àwọn kangarúù títí àwọn tó ń ṣọ́ wọn fi rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Yóò wá padà dé yàrá aṣọ, yóò ní, "Ìyá Garrity, ẹ wò ó o." Yóò wá máa họ ikùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ọ̀lẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun ọ̀sán, tí kò tíì pinnu bóyá kó dìde tàbí kó tún sùn. Inú mi á dùn, màá fi ọwọ́ di ìhà mi.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún un lórí ìtàgé kò ju kó fò kọjá lẹ́yìn àwọn oníjó. Ṣùgbọ́n bó ti ń fò kọjá, yóò dúró, yóò wo àwọn èrò, yóò họ ikùn. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àwọn ọmọdé ti ń ké látòkè dé ìsàlẹ̀ pé, "Kangarúù dà? A fẹ́ kangarúù!" Wọ́n ń ta kangarúù oníṣúgà lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé ìròyìn ń pè é ní "kangarúù wa". Gascoyne lẹ bébà tuntun mọ́ ara ògiri ìlú, orúkọ gbogbo wọn wà níbẹ̀, títí kan ẹni tó ń lu dùùrù. Níwájú kangarúù, ohun tí wọ́n kọ ni: "Òun fúnra rẹ̀."

Horace dúró níwájú bébà yẹn, ó ní, "Ó dáa náà. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo tíì jẹ́ èmi fúnra mi nìyí."

Ẹni tó ń ṣe ọ̀dọ́kùnrin inú eré náà, obìnrin ni, gẹ́gẹ́ bí àṣà eré Kérésì: Mísì Adela Fontenoy, tí wọ́n lọ mú wá láti London. Ohùn rẹ̀ dára, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń kọrin ìfẹ́ rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀, kangarúù ẹ̀yìn rẹ̀ làwọn èèyàn ń wò. Ó lọ bá Gascoyne.

"Bí mo bá ń kọrin, mi ò fẹ́ kí ẹranko yẹn mí."

Wọ́n pàṣẹ fún Horace pé kó dúró bí òkúta. Ó dúró lóòótọ́. Obìnrin náà kọ ẹsẹ kìíní, kò sí wàhálà. Nínú ẹsẹ kejì, eṣinṣin kan bà lé imú kangarúù. Horace fa okùn kékeré tó wà nínú, etí kan ṣoṣo ló gbọ̀n, pẹ́! Ilé wó fún ẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìyókù orin.

Mísì Fontenoy já wọ yàrá aṣọ bí ìjì. "Ta lo pe ara ẹ ná?"

"Kangarúù ni mí, mà."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé ẹ̀rín yẹn máa kó bá Horace.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, Horace lọ jẹun nílé bàbá rẹ̀. Òun ló ròyìn bó ṣe lọ fún mi. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé kangarúù tí gbogbo ìlú ń pariwo rẹ̀, òun ni. Enoch ń gé ẹran àgùntàn lọ, kò gbójú sókè.

"Ẹni tó wà nínú àpò, ta ló rí i? Èmi náà lè sọ pé èmi ni Gómìnà."

"Ẹ wá wò ó, Bàbá."

"Kí n wá wo kí ni? Irun ehoro?"

"Lọ́jọ́ tí eré máa parí, màá ṣí orí awọ yẹn. Ẹ máa rí ojú mi."

Bàbá gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. "Tí mo bá fojú ara mi rí i, màá gbà."

Ni Horace bá lọ tọrọ ààyè lọ́dọ̀ Gascoyne: ìṣẹ́jú kan péré, nígbà tí gbogbo eléré bá ń tẹrí ba fún èrò. Gascoyne ní, "Horace, kangarúù ni wọ́n fẹ́ràn. Wọn ò mọ̀ ẹ́. Má lọ fi ara ẹ ba ìyẹn jẹ́." Ó tún rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ti wo dígí láìpẹ́ yìí?"

Ọ̀sán Sátidé ni eré ìkẹyìn. Bí mo ti ń rán an pa, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ìyá Garrity, ẹ má rán ọrùn le." Ohun tó fẹ́ ṣe yé mi. Mo fi ọrùn sílẹ̀, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ó ṣeré lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Nígbà tí gbogbo wọn tò síwájú láti tẹrí ba, ariwo tó sọ fún kangarúù mi àtùpà òkè. Láti ẹ̀gbẹ́ ìtàgé tí mo wà, mo rí Enoch Tuckwell láàárín èrò, nínú aṣọ dúdú tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Horace gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì ṣí orí kúrò.

Ariwo dá wáí.

Òógùn bò ó, irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ agbárí, apá tó jóná pọ́n bí ẹran tútù nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ ò sì lè rẹ́rìn-ín dáadáa mọ́ látìgbà tí iná ti jó o. Apá kan ń lọ, apá kan ń dúró. Ọmọbìnrin kékeré kan tó wà níwájú ló kọ́kọ́ figbe ta:

"Màámi! Ọkùnrin yẹn ti jẹ kangarúù!"

Ni igbe bá gba ilé kan. Ọmọ ń sunkún, ìyá ń bo ọmọ lójú, àwọn géńdé tó wà lókè bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé e lórí. "Dé e padà! Dé e padà, iwin!" Ẹnì kan sọ ọsàn, ó bà á láyà. Mísì Fontenoy ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń tún fìlà rẹ̀ ṣe. Horace dúró síbẹ̀ pẹ̀lú orí kangarúù lábíyá, ó ń fi ojú wá bàbá rẹ̀ kiri nínú èrò. Ó rí i. Enoch dìde, ó dé àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Wọ́n já aṣọ ìtàgé sílẹ̀.

Gascoyne kò pariwo. Ó ní kí n tú u kíákíá kí òógùn má ba awọ jẹ́, torí pé awọ náà ń lọ sí Sydney. "Awọ, tíátà ló ni ín," ló wí. Horace bi í pé, "Èmi ńkọ́, ọ̀gá?" Gascoyne ti yíjú sí àwọn tó ń di ẹrù.

Ní Sydney, Percy Lobb ni wọ́n fi sínú awọ, ẹni tó ń gun ẹṣin ìdíje tẹ́lẹ̀ kí ọtí tó lé e kúrò. Èmi náà bá aṣọ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá Horace lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn tíátà, ó fi àkẹtẹ̀ bo apá ojú rẹ̀. Ó ti wọkọ̀ ojú irin wá, ó ti jókòó lókè lọ́hùn-ún, ó ti wo eré. Mo mú un lọ mu tíì.

"Báwo lo ṣe rí i?" ni mo bi í.

"Ó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Mo sọ fún ọkùnrin tó jókòó tì mí pé, 'Ọ̀rẹ́, kangarúù kì í fò báyẹn.' Ó ní, 'Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre! Kí lo mọ̀ nípa kangarúù?'"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó jáwọ́.

"Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, Ìyá Garrity. Mo fetí sílẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń pa á fún mi gẹ́lẹ́ ni. Kò dín, kò lé."

Ó mu tíì rẹ̀ tán, ó sì lọ.

Ìdí bàtà ló padà sí. Bàbá rẹ̀ gbà á, ó sì fi àga rẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn kí àwọn oníbàárà má baà máa rí i. Ibẹ̀ ló wà ní gbogbo ọdún ogun, tó ń kan bàtà àwọn sójà. Mo máa ń yà kí i. Kò bèèrè tíátà lọ́wọ́ mi rí, n kò sì sọ fún un nígbà tí wọ́n ta Pavonia fún àwọn onísinimá. Lùkúlùkú, àjàkálẹ̀ àrùn ikọ́ àti ibà tó tẹ̀lé ogun, ló mú un lọ. Ọjọ́ mélòó kan ló fi wúkọ́, ó parí.

Bàbá rẹ̀, pásítọ̀ kan, àti èmi nìkan la wà nídìí sàréè. Mo dúró pé Enoch yóò sọ nǹkan.

"Ó mọ bàtà kàn," ló wí. "Ká má parọ́, ó mọ̀ ọ́n kàn."

Mo la ẹnu láti dá a lóhùn, ṣùgbọ́n pósí mìíràn ti dé lẹ́yìn wa, òmíràn tún ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ọkùnrin tó ń gbẹ́lẹ̀ ní kí a jọ̀ọ́, ká sún.